Ẹran Ara Tí Wọ́n Gé fún Àyẹ̀wò: Ta Ló Ń Kà Á?

Bí dókítà bá gé ẹran ara díẹ̀ lára yín láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n á fi ìda yí i ká, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju takàdá lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi aró kùn ún kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè hàn.

Ẹ̀yìn èyí ni nǹkan ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, gíláàsì yìí ni wọ́n ń gbé lọ fún dókítà tó jókòó ti máíkíróskóòpù. Bó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn bá òun wò ó, àfi kí wọ́n fi gíláàsì ránṣẹ́, kí aláìsàn sì máa retí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Leeds, ní England, ti ń ya àwòrán gbogbo irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Dókítà lè fa àwòrán náà tóbi títí yóò fi rí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn sì lè máa wò ó lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ̀rọ AI náà lè bá dókítà wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2021, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀kan, Paige Prostate, fún jẹjẹrẹ pròsítéètì. Ó ń tọ́ka sí ibi tó bá fura sí, kí dókítà lè tún ibẹ̀ wò dáadáa. Dókítà ló ń kọ èsì, òun ló sì ń fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú mẹ́rin ni jẹjẹrẹ pròsítéètì ń mú nígbà ayé rẹ̀. Nínú gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, kan nínú mẹ́jọ ni. Àwòrán ẹran ara ènìyàn ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí níṣẹ́. Bí tiwa kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á dá tiwa mọ̀? Ẹ bi ilé ìwòsàn yín léèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní England, ẹ lè sọ pé kí NHS, ètò ìlera ìjọba, má fi ìwé ìtọ́jú tó tọ́ka sí yín ṣe ìwádìí. Ìtọ́jú yín kò ní dín kù nítorí rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé kíkọ̀ yìí kò kan àwòrán tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun ìdánimọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Wọn kì í da ìda tó ní ẹran ara yín nínú nù nítorí pé wọ́n ti ya àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ kí dókítà mìíràn tún un kà, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín.