Peter King, Afunfèrè Jáàsì

Ẹni tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò mọ̀ pé omele kì í yẹsẹ̀. Ìyáàlù ni ó ń dárà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orin jáàsì tí a ń pè ní bebop rí. Ní New York, lẹ́yìn 1940, Charlie Parker àti Dizzy Gillespie a máa mú ìpìlẹ̀ orin tí tẹrú-tọmọ mọ̀, wọn a sì yára hun ohùn titun lé e lórí.

Peter King, tí a bí ní 1938, kọ́ ọgbọ́n yìí dójú àmì. Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ Roy Chicago, ní 1957. Ní 1961 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music. Òun, Bayo Martins onílù, àti Mike Falana afunpè sì dá ẹgbẹ́ African Messengers sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Berklee, ní Boston. Fèrè sàsófóònù ni ó fi lórúkọ jù.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ọgbọ́n ojú ẹsẹ̀ dá, bí a kò bá fi kọ́ ọmọ, yóò bá oníṣẹ́ wọ sàréè ni. Nítorí náà King dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní agbègbè Àgbádárìgì, ní gúúsù ilẹ̀ Yewa. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Aṣa, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn onílù Ẹ̀fẹ̀ wa ńkọ́? Ta ni wọ́n ń kọ́?