Rolex, Omega àti Patek Philippe: Ohun tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó ra aago olówó ńlá

 

Aago ọwọ́ olówó ńlá ti wọ àwùjọ wa. À ń rí i lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó níbi yìgì, à ń rí i lọ́wọ́ àwọn Alhaji níbi wòlímọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa mìíràn sì ti ń sọ pé kéèyàn ra Rolex sàn ju kó tọ́jú owó sí báǹkì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan owó, ó sì kan ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí a gbé mẹ́ta tí àwọn èèyàn mọ̀ jù yẹ̀ wò: Rolex Submariner, Omega Seamaster Diver 300M àti Patek Philippe Nautilus. Orílẹ̀-èdè Switzerland ni wọ́n ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iye wọn

Ní ọdún 2024, Submariner onírin ní ṣọ́ọ̀bù tí ilé-iṣẹ́ Rolex fọwọ́ sí ju 9,000 dọ́là lọ. Seamaster wà ní nǹkan bí 6,000 dọ́là. Ní ti Nautilus onírin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5711, tí Patek dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2021, ó ti ju 30,000 dọ́là lọ kí wọ́n tó dá a dúró. Owó rírà nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, oníṣẹ́ aago gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fi òróró sí i. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe owó kékeré.

Ohun tí wọ́n lè ṣe

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í lo bátìrì. Bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ wọ́n bá ṣe ń mì ni wọ́n ń gba agbára. Tí a bá bọ́ Submariner tòde òní sílẹ̀, yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 70. Seamaster tó ń lo ẹ́ńjìnnì 8800 yóò ṣe wákàtí 55. Àwọn méjèèjì lè wọ inú omi dé ìwọ̀n mítà 300. Rolex àti Omega ń fún ẹni tó rà á ní wàráńtì ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nítorí àtimọ àkókò ìrun la ṣe fẹ́ ra aago, ẹ gbọ́ èyí. Rolex ṣèlérí pé aago òun kò ní fi ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì yára tàbí lọ́ra lójúmọ́. Ìyẹn lè tó 60 lóṣù. Casio F-91W tí kò ju nǹkan bí 20 dọ́là lọ, tó sì ń lo bátìrì, kì í ju 30 lóṣù gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe sọ. A jẹ́ pé kì í ṣe àkókò tó péye jù ni à ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún. Iṣẹ́ ọnà àti orúkọ ni.

Bí a bá fẹ́ tà wọ́n

Níbi títà, irin ló ń borí. Ẹni tó bá ra Submariner onírin ní ṣọ́ọ̀bù lè rí owó rẹ̀ gbà padà, nígbà mìíràn pẹ̀lú èrè, torí pé àwọn tó ń wá a pọ̀ ju iye tó wà lọ. Omega ní tirẹ̀ sábà máa ń já wálẹ̀ ní kété tó bá ti di àlòkù. Èyí já sí pé ẹni tó bá ń wá aago tó dára láti wọ̀ ni yóò jèrè bó bá ra àlòkù Omega, kì í ṣe ẹni tó ń rà á láti tà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ìgbà gbogbo ni iye wọn ń lọ sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, wọ́n ń ta Nautilus 5711 ju 100,000 dọ́là lọ lọ́jà àlòkù. Kí ọdún náà tó parí, ọjà ti já wálẹ̀, ti Rolex náà já. Ẹni tó rà á nígbà tó wọ́n jù kò rí èrè kankan.

Ibi tí ẹ̀sìn ti wọlé

Nínú hàdíìsì tí Abu Musa al-Ash'ari gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe wúrà àti sílíkì ní ẹ̀tọ́ fún àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀, ó sì ṣe é ní èèwọ̀ fún ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ mọ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wúrà funfun náà wúrà ni. Ó jọ irin tàbí fàdákà lójú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kárátì 18, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ wúrà ni.

Ẹ fi ojú sí Rolex Datejust dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní onírin, tí òrùka ojú rẹ̀ ní ilà wẹẹrẹwẹ tó ń dán, wúrà funfun ni òrùka náà. Èyí tí òrùka rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni irin. Day-Date ńkọ́? Láti 1956 tó ti jáde, wúrà tàbí platinum nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà “Rolesor” nínú ìwé aago, irin àti wúrà tí wọ́n pa pọ̀ ni. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe apá kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó.

Ní ti sàká, aago onírin tí èèyàn ń wọ̀ kò ní sàká. Ẹni tó ń ra aago tó ń tà á ti di oníṣòwò: bí ọjà àti owó rẹ̀ bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, tí ọdún sì yípo, yóò yọ ìdá kan nínú ogójì. Bí ọjà bá tó mílíọ̀nù 40 náírà, mílíọ̀nù kan ni sàká rẹ̀. Ẹni tó gbé tirẹ̀ pamọ́ kí owó rẹ̀ lè lé, lójú ìlànà Imam Malik, ọjọ́ tó bá tà á ni yóò yọ sàká ọdún kan. Wúrà tí ọkùnrin ń wọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ sàká, bí ó bá tó òṣùwọ̀n.

Ìmọ̀ràn wa

Ẹ má ṣe fi owó èlé ra aago. Ẹ béèrè páálí rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara ìwé bá ti ara aago mu, torí ayédèrú pọ̀. Ẹni tó bá ta ayédèrú bí ojúlówó, jìbìtì ló ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbèsè tàbí owó ilé-ìwé ọmọ ń dúró dè wá, ká ra Rolex ti di ìná-àpà tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa.

Kí Ọlọ́hun fi ọrọ̀ tó mọ́ kẹ́ wa, kí Ó sì jẹ́ kí a rí àkókò wa lò dáadáa, èyí tó níye lórí ju aago tó ń kà á lọ. Àmín.