Ní Kumasi, Ọwọ́ Oníjó Ló Ń Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá dé ibi ìsìnkú ní Kumasi, olú ìlú ilẹ̀ Asante ní Gáná, tí ìlù Adowa sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má wo ẹsẹ̀ àwọn oníjó nìkan. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ máa wò. Bí oníjó bá na ọwọ́ sókè, Ọlọ́run ló ń wò. Bí ó bá rọra fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan orí, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Bí ó bá fi ìka kan náà sí abẹ́ ojú, kò ní nǹkan kan í sọ, ó kàn ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ẹni tó káwọ́ lérí, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kò ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá.

Ẹtu ni adowa ní èdè Twi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn jagunjagun tí wọ́n lọ wá ẹtu nínú igbó nítorí àìsàn ìyá ọba kan rí èyí tó ń rìn lọ́nà àrà, wọ́n sì sọ ìrìn rẹ̀ di ijó. Agogo tí wọ́n ń pè ní dawuro ló ń darí ìlù. Donno wà níbẹ̀, ẹ̀dá gángan wa tí a ń há mọ́ abíyá. Atumpan, ìlù méjì tó dúró pọ̀, ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, nítorí Twi náà jẹ́ èdè olóhùn bíi Yorùbá: ọ̀kan fún ohùn òkè, ìkejì fún ohùn ìsàlẹ̀. (Ẹ forí jì wá, iṣẹ́ ìmọ̀ èdè tí à ń ṣe ló jẹ́ ká fẹ́ràn irú èyí.)

Ní 1951 ni Ọ̀mọ̀wé A. A. Y. Kyerematen dá ọgbà àṣà sílẹ̀ ní Kumasi, èyí tí wọ́n ń pè ní Centre for National Culture lónìí. Àwọn ahunṣọ kente àti amọ̀kòkò wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prempeh Kejì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìlù àti ijó yóò rí olùkọ́.

Olùkọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ní Hawaii, ní àárín òkun Pasífíìkì, ijó hula náà ń fi ọwọ́ sọ̀tàn. Ní 1830, Ọbabìnrin Kaʻahumanu, tó ti di Kristẹni, ní kí ẹnikẹ́ni má jó o ní gbangba mọ́. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní kumu ni kò jẹ́ kó parun, títí Ọba Kalākaua fi mú un jáde níbi ayẹyẹ ìwúyè rẹ̀ ní 1883.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti fi Kumasi ṣe ilé rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n di ẹrù. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa wà lára wọn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Níbi ìnáwó, bí wọ́n bá kọ orin Gáná, yóò dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, ọwọ́ nìkan ni yóò máa yí. Yóò na ọ̀kan sókè, yóò fi ìka sí abẹ́ ojú. Àwa ọmọdé a bú sẹ́rìn-ín, a ó sì máa sín in jẹ.

Ìgbà tí a ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. H. Kwabena Nketia, ọmọ Mampong ní ilẹ̀ Asante, kọ nípa ìtumọ̀ ọwọ́ oníjó ni a tó mọ̀ pé màmá ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í léèrè.