Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Lábẹ́ Ọkọ̀: Táyà Tó Yẹ Títì Abẹ́òkúta

Ibi tí táyà kan ti ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Mẹ́rin péré ni irú àtẹ́lẹwọ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn ni wọ́n ń gbé ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù kan láti Kútọ̀ dé Ìta Ọṣìn ní Abẹ́òkúta, àwọn náà ni wọ́n ń dá a dúró nígbà tí ọlọ́kadà bá ṣàdédé yà bọ́ síwájú ọkọ̀ ní Pànṣẹ́kẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lè lágbára bí erin, búréèkì rẹ̀ sì lè jẹ́ tuntun, ohun tí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí bá gbà fún wọn náà ni wọ́n lè ṣe.

Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré bá ra ọkọ̀, ẹwà táyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ríìmù ńlá ni yóò béèrè, pẹ̀lú táyà tó rí pẹlẹbẹ, irú èyí tó rí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àwọn olùdíje lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn fẹ́ràn ọkọ̀ tó di ilẹ̀ mú. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe táyà ìdíje.

Rọ́bà táyà ìdíje rọ̀. Tó bá gbóná dáadáa, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí oje igi, ìyẹn ni awakọ̀ ìdíje fi lè fi eré gba kọ́nà tí ẹlòmíràn kò lè gbà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó rọ̀ máa ń tètè jẹ. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ táyà tó ń fi èyí hàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ treadwear: bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni táyà náà yóò ṣe pẹ́ tó. Michelin Pilot Sport Cup 2, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí pápá ìdíje lópin ọ̀sẹ̀, ní 180. Pilot Sport 4S tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe fún eré ojú títì ní 300. Táyà ọkọ̀ ìdílé lásán máa ń lé ní 400 dáadáa. Abẹ́òkúta kò ní pápá ìdíje ọkọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ra èyí tó rọ̀ jù, ojú ọ̀nà Kọ́bapẹ́ ni yóò ti jẹ ẹ́ tán.

Kódà àwọn tó ń ṣe táyà gan-an máa ń ṣi ilẹ̀ wọ̀n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2005, ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ogún ọkọ̀ jáde fún ìdíje Formula 1. Wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀kan láti mú ara gbóná, lẹ́yìn náà ni mẹ́rìnlá nínú wọn yà wọ ilé, tí wọn kò sì jáde mọ́. Táyà Michelin ni gbogbo mẹ́rìnlá náà wọ̀. Kọ́nà kan wà ní pápá náà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òrùlé, tí ọkọ̀ máa ń gbà lórí eré àsápajúdé, ẹ̀gbẹ́ táyà wọn kò sì lè gba ẹrù tí kọ́nà náà ń dì lé wọn. Ọkọ̀ Ralf Schumacher ti kọ lu ògiri níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mẹ́fà péré, àwọn tó wọ táyà Bridgestone, ló sá eré náà lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tó ti sanwó wọlé. Bẹ́ẹ̀ táyà Michelin ọ̀hún ń ṣe dáadáa ní pápá mìíràn lọ́dún yẹn. Kọ́nà kan ṣoṣo ni kò bá a mu.

Ta ni yóò wá sọ pé ọ̀nà Abẹ́òkúta kò yàtọ̀? Tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1960, ń lọ, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Èkó tọ̀sán tòru, ó sì ń tẹ ọ̀dà rì. Lẹ́yìn òjò, kòtò á kún fún omi, awakọ̀ kò ní mọ èyí tó jìn. Níbí ni táyà pẹlẹbẹ ti ń rí ìjà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní 195/65R15 ló wà lára táyà. 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 15 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Ẹ̀gbẹ́ táyà yìí ga tó mílímítà 127. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n fi 225/40R18 dípò rẹ̀, gíga gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kò yí padà ju mílímítà mẹ́ta lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ti kúrú di mílímítà 90. Rọ́bà àti atẹ́gùn tó ń gba ìyà kòtò ti dín kù, irin ló gba ipò wọn. Kọ́nà yóò dùn ún gbà, òótọ́ ni. Bó bá já sí kòtò lórí eré, ríìmù lè tẹ̀, okùn inú ẹ̀gbẹ́ táyà sì lè já, kó wú síta bí eéwo. Táyà tó bá ti wú báyìí kò ní àtúnṣe.

Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀lé ìwọ̀n yẹn lára táyà, bíi 91H, sọ ẹrù àti eré tí táyà lè gbà. 91 túmọ̀ sí kílò 615 lórí táyà kan. H jẹ́ kìlómítà 210 ní wákàtí, T jẹ́ 190, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y sì jẹ́ 300. Kìlómítà 100 ni òfin Nàìjíríà fi mọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, T pàápàá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Àǹfààní lẹ́tà tó ga ni pé táyà náà lè fara da ooru ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ooru sì ni ọ̀tá táyà ní ilẹ̀ wa.

Òjò ni ọ̀tá kejì. Ìlà tí wọ́n gbẹ́ sójú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ọ̀nà omi ni. Pirelli, tó ń pèsè táyà fún Formula 1 láti 2011, sọ pé táyà òjò wọn kan lè lé lítà 85 omi kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí eré kìlómítà 300. Tí ìlà náà bá ti jẹ tán, omi kò ní ríbi gbà, ọkọ̀ á wá léfòó lórí rẹ̀, awakọ̀ á yí sítíárì, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Ìdí nìyí tí táyà pápá tí ìlà rẹ̀ kò jìn, tó jẹ́ ọba lórí ilẹ̀ gbígbẹ, fi léwu nínú ọ̀wààrà òjò oṣù Keje. Nínú ìlà táyà, rọ́bà kéékèèké kan wà tó yọ bí ìdènà. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ibi tí wọ́n dọ́gba, mílímítà 1.6 ló kù, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Nǹkan kan ṣì wà tí ojú kì í tètè rí, ọjọ́ orí. Kí ẹni tó ń ra táyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó fi ọwọ́ nu eruku kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT, kó sì wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó yí táyà náà padà, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ má lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ kan ilẹ̀ rí. Ewu táyà tó bá bẹ́ kò sì kéré: ní oṣù Kẹta 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ètò iṣẹ́, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. FRSC sọ pé táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́ lórí eré.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ táyà tòkunbọ̀ máa dun ènìyàn. Òfin kọ̀ kí wọ́n máa kó táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ wọ́n tò ó jọ lẹ́bàá títì bí ìkòkò ọjà. Tuntun náà ní ewu tirẹ̀: àwọn oníṣòwò kan máa ń ki táyà kékeré bọ inú ńlá kí owó ọkọ̀ ojú omi lè dín kù, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sì ti ń gbógun tì wọ́n, torí pé táyà tí wọ́n fún mọ́ra báyẹn ti fara pa kó tó dé ọjà.

Ó ṣeni láàánú, nítorí ọ̀rọ̀ táyà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ táyà oníatẹ́gùn. Nígbà tó fi di 1895, èbúté Èkó ń fi rọ́bà tó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sókè òkun, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ara igi ìrẹ́ inú igbó wa. Wọ́n kọ igi náà lákọjù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì kú. Lẹ́yìn òmìnira, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin kógbá wọlé ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí ìṣòro iná mànàmáná àti ọjà òkèèrè tó rọjú ti sú wọn. Láti ìgbà náà, táyà tí wọ́n rò fún ilẹ̀ mìíràn ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń wọ̀.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ eré wá ṣe? Táyà eré ojú títì, irú tí treadwear rẹ̀ wà láàárín 300 sí 400, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò kúrú ju ìdá 50 lọ, tí ìlà rẹ̀ sì jìn, ni yóò bá Abẹ́òkúta gbé. Bó bá ń lọ sí pápá ìdíje níbòmíràn lóòótọ́, kó ra ríìmù mẹ́rin mìíràn, kó fi táyà pápá sí i, kó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, kó pààrọ̀ wọn nígbà tó bá débẹ̀.

Táyà yòówù kó rà, ìwọ̀n atẹ́gùn tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ sí wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ kùtù ló yẹ kí fọkanáísà fi gééjì wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná, nítorí pé bí ó bá ti sáré láti Àṣẹ́rò dé Lafẹ́nwá, gééjì yóò ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, fọkanáísà yóò sì tú atẹ́gùn tí táyà náà nílò sílẹ̀.