Ahéré Tó Wà Láàrin Igbó àti Òkun

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ohùn yín ti há nítorí ariwo àwọn ọmọ, ìgbà wo ni ẹ jókòó kẹ́yìn síbi tí kò ti sí ìró ẹ̀rọ amúnáwá, tí kò sí fèrè ọkọ̀, tí kò sí gbohùngbohùn? Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí kò yàtọ̀ sí ọjà tí a ti ń bọ̀. Ẹran ara ni wá, a kì í ṣe irin, ìsinmi sì tọ́ sí wa.

Ibì kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn ń lọ nítorí ìdákẹ́jẹ́. Ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà ni, ní ìpínlẹ̀ Washington, orúkọ rẹ̀ sì ni Olympic National Park. Igbó ọba ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ààrẹ Franklin Roosevelt lọ wò ó ní 1937, ó sì fọwọ́ sí òfin tó dá a sílẹ̀ ní 1938. Ní 1953 ni wọ́n fi etí òkun kún un. Nítorí náà, òkè tí yìnyín bò lórí, igbó kìjikìji àti òkun ńlá ni ó wà nínú ọgbà kan ṣoṣo.

Ní Kalaloch, lórí bèbè gíga tó kọjú sí òkun Pàsífíìkì, ni àwọn ahéré onípákó tí à ń wí wà. Láti bí ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò níbẹ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nínú wọn, kò sì sí tẹlifóònù. Àwọn mìíràn ní ààrò tí a ń fi igi dáná sí, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn Quinault, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, ni wọ́n fún un lórúkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tó dára láti gúnlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ọkọ̀ ojú omi wọn gòkè sí iyanrìn.

Bí a bá wa mọ́tò fún bíi wákàtí kan láti ibẹ̀, a ó dé igbó Hoh. Afẹ́fẹ́ tó gbé omi láti orí òkun a fẹ́ lu àwọn òkè, a tutù, a sì di òjò. Bíi íǹṣì 140 ni òjò ibẹ̀ lọ́dún, èyí tó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Àwọn igi kan ga ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ, ewédò sì rọ̀ lára ẹ̀ka wọn bí irùngbọ̀n àgbà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò tó máìlì kan, tí ìyá àgbà pàápàá lè rìn. Òmíràn ju máìlì 17 lọ, ó sì dé ìdí yìnyín òkè Olympus.

Nínú igbó yìí ni Gordon Hempton, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba ìró igbó sínú ẹ̀rọ, gbé òkúta pupa kékeré kan lé orí ìtì igi ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2005. Ó pe ibẹ̀ ní Íǹṣì Kan ti Ìdákẹ́jẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí a bá lè gba íǹṣì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ariwo ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ máìlì yíká rẹ̀ ni yóò dákẹ́ pẹ̀lú, nítorí ariwo kò mọ ààlà. Àmọ́ bàálù ogun tó ń gbéra láti ibùdó Whidbey Island a máa fi òfúrufú ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn igbó náà ń ráhùn. Àwọn ológun ní awakọ̀ bàálù kò lè ṣàì kọ́ṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ìdákẹ́jẹ́ pàápàá ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ ọ!

Ẹ má sì rò pé ibi tó dákẹ́ kò léwu. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi ibẹ̀ ń kún tí ó sì ń fà, ó sì lè gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ láàrin wákàtí 6. Àpáta wà tó yọ sínú òkun, tí a kò lè gba ìdí rẹ̀ kọjá àfi nígbà tí omi bá fà. Ẹni tó bá kọjá láìwo àkókò lè rí i pé omi ti dí ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tẹ ìwé àkókò omi. Àkókò náà ń sún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́, ti àná kò wúlò fún tòní. Àwọn ìtì igi ńláńlá tún wà létí omi. Ẹ má ṣe jókòó lé wọn bí ìgbì bá ń ru, nítorí ìgbì kan ṣoṣo lè gbé ìtì tí ogún ọkùnrin kò lè yí, ó sì ti pa ènìyàn rí.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lápá ibẹ̀, tó sì ń múra àti lọ kí i, kí ó sọ fún ọmọ náà kí ó tètè gba ahéré sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni òjò ń dẹwọ́. Kí ó mú aṣọ òtútù dání.

Ní ti àwa tí a kò ní lọ, àwọn baba wa náà ní ahéré lóko, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí iṣu. Bí oko ti jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ kí a yan wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, kí a pa ẹ̀rọ amúnáwá, kí a pa rédíò, kí a sì bẹ aládùúgbò kí ó bá wa ṣe é. Íǹṣì kan ni Hempton fi bẹ̀rẹ̀.