Àwọn Tí Kò Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kú

Kọ̀ǹpútà ilé ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ìdílé láti ìparí àwọn ọdún 1970, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí òbí lè rà, tí wọ́n lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀, tí ọmọ sì lè jókòó tì láti kọ ètò, èyí tí í ṣe àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ẹsẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́: Commodore, tí ó ṣe Commodore 64, kógbá sílé ní ọdún 1994, Sinclair Research sì ti ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Amstrad ní ọdún 1986 ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ lónìí kò lè gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Bí àwọn ẹ̀rọ náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọn ni, àwọn ènìyàn tí wọ́n wà káàkiri ayé, tí wọ́n ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń fi ohun tí oníkálukú mọ̀ ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí ó yí ZX Spectrum ká jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, òun ni àròkọ yìí yóò sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìlú Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Sinclair Research, ilé iṣẹ́ Clive Sinclair, ti gbé ZX Spectrum jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1982. Richard Altwasser ni ó ṣètò inú ẹ̀rọ náà, Steve Vickers ni ó kọ BASIC tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣókí-ṣókí, Rick Dickinson sì ni ó ya àwòrán ara rẹ̀ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní 40 bọ́tìnì rọ́bà. Ilé iṣẹ́ Timex ní ìlú Dundee, ní Scotland, ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀. Wọ́n ń ta èyí tí ó ní ìrántí kilobáìtì 16 ní pọ́n-ùn 125, èyí tí ó ní kilobáìtì 48 sì jẹ́ pọ́n-ùn 175, owó tí ó kéré sí ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn lásìkò náà. Báìtì kan ni ààyè tí lẹ́tà kan ṣoṣo ń gbà, kilobáìtì kan sì jẹ́ 1,024 irú ààyè bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kan tí ó jẹ́ mẹgabáìtì 3 lórí fóònù òde òní yóò kún ìrántí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ 64, kilobáìtì 48 gẹ́ẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní. Inú ààyè tóóró yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ géèmù tí àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe títí di òní, irú bíi Manic Miner tí Matthew Smith kọ ní ọdún 1983.

Ẹ̀rọ náà kò ní ibì kankan tí ó lè tọ́jú iṣẹ́ sí bí wọ́n bá pa iná rẹ̀. Orí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, ni wọ́n ń pa ètò mọ́ sí ní ìrísí ariwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ètò wọlé yóò tẹ lẹ́tà J, ọ̀rọ̀ LOAD yóò sì jáde lódindi, nítorí pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ni ó dúró fún ọ̀rọ̀ àṣẹ kan. Yóò tẹ àmì àyọlò méjì, yóò tẹ ENTER, yóò sì tan kásẹ́ẹ̀tì. Ilà pupa àti ilà aláwọ̀ ojú ọ̀run yóò kọ́kọ́ máa sáré ní etí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ohùn tí ó hàn tí kò yí padà, lẹ́yìn náà ni ilà búlúù àti yẹ́lò yóò gbà á lọ́wọ́ wọn bí ètò gan-an bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ètò tí ó bá kún ẹ̀rọ náà lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà bá sì lọ sílẹ̀ jù tàbí tí ó bá ròkè jù, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ pé kíkà rẹ̀ kùnà, oníǹkan yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè ni ìdí tí ẹni tí ó ní fóònù tí ó yára ju èyí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po fi máa fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ilà búlúù àti yẹ́lò. Ìrántí ìgbà èwe wà níbẹ̀ lóòótọ́, pàápàá fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá ẹ̀rọ náà dàgbà, ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ: ZX Spectrum jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ṣoṣo lè mọ̀ tinú tòde. Ìwé tí Vickers kọ, tí wọ́n ń fi sínú páálí pẹ̀lú rẹ̀, ń mú ẹni tí kò mọ nǹkan kan láti orí ìlà ètò àkọ́kọ́ dé orí bí ìrántí ẹ̀rọ náà ṣe pín, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ibì kan nínú ẹ̀rọ náà tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Irú òye bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀ asán. Ní Cambridge kan náà ni Sophie Wilson àti Steve Furber, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà BBC Micro fún ilé iṣẹ́ Acorn, ti ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ARM, tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọdún 1985. Àtìrandíran rẹ̀ ni ó wà nínú fóònù tí ó pọ̀ jù lọ tí àwọn ènìyàn ń gbé káàkiri lónìí.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìwé ìròyìn bíi Sinclair User àti Crash ń tẹ èrò àwọn òǹkàwé jáde, a sì máa ń rí ìwé ìròyìn tí ó ń tẹ odidi ètò sórí ewé kí àwọn òǹkàwé lè dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà wọn ní ìlà dé ìlà. Ní Yugoslavia, níbi tí òfin ti mú kó ṣòro láti kó kọ̀ǹpútà wọlé láti òkè òkun, Voja Antonić ṣètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ń jẹ́ Galaksija ní ọdún 1983, ó sì jẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán inú rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni lè fúnra rẹ̀ tò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Zoran Modli, tí ó ń ṣe ètò Ventilator 202 lórí rédíò ní Belgrade, a máa gbé ariwo ètò kọ̀ǹpútà sórí afẹ́fẹ́, àwọn olùgbọ́ a sì gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì láti kó o sínú ẹ̀rọ wọn. Ní Sófíẹ́ẹ̀tì, àwọn amọṣẹ́ ń fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀dà ZX Spectrum, irú bíi Leningrad àti Pentagon. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì wá ṣe ni pé ó so àwọn agbo wọ̀nyí pọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà kò nílò ìwé ẹ̀rí, kò sì di dandan kí ó ti ní ẹ̀rọ kankan. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ZX Spectrum kan ní òkè àjà tàbí lọ́jà ni pé kó má ṣe tíì kì í bọ iná. Fólítì 9 ni ẹ̀rọ náà ń lò, òdì iná (−) sì ni ó wà ní àárín ẹnu wáyà rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdàkejì rẹ̀ (+) ni ó wà ní àárín ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní. Ẹni tí ó bá fi ṣájà tí ó kàn bá ẹnu ihò rẹ̀ mu tàn án lè jó ohun tí ó ti là á já fún 40 ọdún. Bí ìṣòro bá wá wà, ìbéèrè tí ó dára ni ó ń mú ìdáhùn tí ó dára wá. Ẹni tí ó kàn sọ pé ẹ̀rọ òun kò ṣiṣẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ya fọ́tò bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, tí ó kọ nọ́ńbà ìtẹ̀jáde tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, tí ó sọ ohun tí ó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì fi mítà wọn iná tí ó ń jáde, yóò rí ẹni tí yóò jókòó tì í di òru.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí ó dá wà àti ẹni tí ó ní ẹgbẹ́. Bọ́tìnì márùn-ún tí wọ́n tò tẹ̀ léra lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ZX Spectrum, ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí yóò sì gbà pé áísì kan ti jó, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ dúdú pẹlẹbẹ tí ń ṣe iṣẹ́ inú bọ́ọ̀dù. Àgbà ẹgbẹ́ yóò sọ fún un pé kó fi irin ìjó òjé rẹ̀ sílẹ̀ ná. Lábẹ́ àwọn bọ́tìnì rọ́bà náà ni awẹ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fa ojú ọ̀nà iná sí, ìrù rẹ̀ sì wọ inú bọ́ọ̀dù. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ìrù yìí a gan, a sì kán, bí ojú ọ̀nà kan nínú rẹ̀ bá sì ti já, odidi ọ̀wọ́ bọ́tìnì tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá ni yóò dákẹ́. Àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ náà ti ṣètò kí wọ́n máa ṣe awẹ́ tuntun, iye tí wọ́n ń tà á kò sì wọ́n. Ìgbà mìíràn ìṣòro náà a le jù báyìí lọ. Kilobáìtì 16 àkọ́kọ́ nínú ìrántí rẹ̀ wà nínú áísì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní 4116, tí wọ́n ń lo oríṣi iná mẹ́ta, bí èyí tí ó jẹ́ òdì fólítì 5 bá sì sọnù, àwọn yòókù yóò jó wọn. Dípò orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún 1982 tí ó yẹ kó hàn ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ilà ní òró ni yóò kún ojú rẹ̀.

Kilobáìtì 32 tí ó kù ní ìtàn tí ó wuni gidigidi. Láti dín owó kù, Sinclair ra àwọn áísì tí ìdajì wọn bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n, ó to àwọn tí ìdajì kan náà wọn dára pọ̀, ó sì fi wáyà pààlà fún ẹ̀rọ náà kó má dé ìdajì kejì. Ọgbọ́n tó yẹ kí a yìn ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn láìmọ ìtàn yìí yóò ṣe àṣedànù.

Áísì tí ó fa ìbẹ̀rù jù ni ULA, tí ilé iṣẹ́ Ferranti ṣe fún Sinclair. Òun ni ó ń ya àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n, òun ni ó ń ka bọ́tìnì, òun ni ó sì ń gbọ́ ariwo kásẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá kú, kò sí ẹni tí ó ń ṣe é mọ́. Ẹnì kan tí ó ń jẹ́ Chris Smith mú ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́: wọ́n ṣí inú áísì náà, wọ́n yà á ní fọ́tò pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan kékeré tóbi, ó tọpasẹ̀ àwọn ojú ọ̀nà inú rẹ̀ títí ó fi yé e, ó sì gbé ohun tí ó rí jáde nínú ìwé ní ọdún 2010. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún àwọn ẹlòmíràn láti fi áísì òde òní ṣe ohun tí wọ́n lè kì bọ ihò ULA. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò irú áísì òde òní bẹ́ẹ̀, àwọn tí orí wọn ti ń funfun ni ó sì rántí bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ náà hùwà.

Àríyànjiyàn kò ṣàìsí láàárín wọn. Àwọn kan gbà pé kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ tí ó ti gbó, ìyẹn àwọn agolo kéékèèké tí ń mú iná dúró déédéé, kí wọ́n sì tún ọ̀nà tí àwòrán ń gbà jáde ṣe kí tẹlifíṣọ̀n òde òní lè gbà á; àwọn mìíràn sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun tí kò tíì bàjẹ́. Ó dára kí ẹni tuntun gba ti àwọn méjèèjì rò, kí ó sì tọ́jú ohunkóhun tí ó bá yọ sínú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, nítorí pé ẹni tí yóò ni ín lẹ́yìn rẹ̀ lè fẹ́ dá a padà sí bí ó ṣe wà.

Fún ẹni tí ó ń gbé níbi tí wọn kò ti ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ètò kan wà tí ń mú kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe gẹ́gẹ́ bíi ZX Spectrum gan-an. Irú ètò bẹ́ẹ̀ nílò BASIC Vickers, ó sì ti di ohun-ìní Amstrad nígbà tí ó ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sinclair. Ní ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ náà gbà kí àwọn olólùfẹ́ máa pín in láìgba owó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àánú ńlá ni èyí. Ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ ti ṣe kọ̀ǹpútà tuntun: ní ọdún 2017 ni àwọn olólùfẹ́ dá owó tí ó ju 700,000 pọ́n-ùn lọ jọ fún ZX Spectrum Next, Rick Dickinson tún ya àwòrán ara rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 2018, kí ẹ̀rọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ní ọdún 2020.

Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹni tí ó bá ń wọlé báyìí kò kéré. Èròjà tí wọ́n fi bo tẹ́ẹ̀pù inú kásẹ́ẹ̀tì ń gbó, púpọ̀ nínú ètò tí àwọn ọmọdé kọ nílé, tàbí tí ilé iṣẹ́ kékeré tà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì sí níbòmíràn ju orí kásẹ́ẹ̀tì ọ̀kan tàbí méjì lọ. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ yóò fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ tí ó mọ́, yóò gba ariwo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láìdín in kù, yóò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ètò jáde láti inú rẹ̀, tí wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tí ó kọ ètò náà.