Ọ̀dà Kì Í Dá Tírélà Dúró: Bí Ọ̀nà Oníkẹ̀kẹ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní London

Títì ńlá kan wà ní ìlà-oòrùn London tó ti Bow wá, tó gba Mile End àti Whitechapel kọjá, tó sì já sí Aldgate. Ní oṣù keje ọdún 2011, ìjọba ìlú náà fi ọ̀dà búlúù kun etí rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí oníkẹ̀kẹ́ máa gbà. (Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.) Ọ̀dà náà dùn ún wò. Àmọ́ kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù fi pa oníkẹ̀kẹ́ méjì ní oríta Bow, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ọdún 2013, adájọ́ tó wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà náà sọ pé ọ̀dà búlúù lè mú kí ọkàn oníkẹ̀kẹ́ balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ní oṣù kọkànlá, oníkẹ̀kẹ́ mẹ́fà tún kú káàkiri London láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ní òpin oṣù yẹn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ rọ́ lọ síwájú ọ́fíìsì àjọ ìrìnnà ìlú náà, Transport for London, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí títì bí òkú, kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀dà ti sú wọn. Wọ́n fẹ́ ohun tí táyà tírélà kò ní lè gùn kọjá bó ṣe wù ú.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe láti Bow dé Aldgate. Wọ́n to kọ́nkéré sáàárín ibi tí mọ́tò ń gbà àti ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Kọ́nkéré náà kò ga, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà á mọ̀ ọ́n lára bí táyà rẹ̀ bá kọlù ú. Fífẹ̀ ọ̀nà náà ṣe pàtàkì bákan náà. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù keje ọdún 2020 sọ pé ó dára kí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ láìgbà bọ̀ fẹ̀ tó mítà méjì, kó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí èrò bá ti pọ̀. Ìdí ni pé eré àwọn tó ń gùn ún kò dọ́gba. Ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kò lè bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí àkókò iṣẹ́ ń lé sáré. Bí ọ̀nà bá há, ẹni tó ń kánjú á já sáàárín mọ́tò kó lè ya ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀, a ó sì tún padà sí ibi tí a ti ń sá.

Àmọ́ oríta gan-an ni ọ̀ràn wà. Apá òsì ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwa náà ti ń ṣe ní Nàìjíríà kó tó di ọdún 1972, nítorí náà etí òsì pátápátá ni oníkẹ̀kẹ́ máa ń wà. Iná pupa dá gbogbo wọn dúró. Tírélà wà lápá ọ̀tún rẹ̀, awakọ̀ jókòó lókè téńté, jígí rẹ̀ kò sì mú ẹni tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Iná ṣí. Oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ máa lọ tààrà, tírélà fẹ́ yà sósì. Imú tírélà á kọ́kọ́ nà síwájú bí ẹni pé kò fẹ́ yà rárá, lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ á gé kọ́nà wọlé, tí á sì fún oníkẹ̀kẹ́ mọ́ etí títì.

Kọ́nkéré kò lè gbani níbẹ̀, torí mọ́tò gbọ́dọ̀ rí ibi yà. Àkókò ni wọ́n fi ń pín wọn níyà. Oníkẹ̀kẹ́ ní iná tráfíìkì tirẹ̀, kékeré, tí wọ́n fi sísàlẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ ti tó o. Bí iná yìí bá ṣí, ti àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ yà sósì á ṣì pupa. Nígbà tó bá kan àwọn náà láti yà, ti kẹ̀kẹ́ á ti di pupa. Ẹni tó fẹ́ yà sí ọ̀tún kò ní fi ara rẹ̀ sáàárín mọ́tò: á kọjá sí òdìkejì, á dúró níbi tí wọ́n fi ìlà pààlà rẹ̀ fún un, á yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, á wá bá iná ọ̀nà kejì lọ. Àròyé tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ṣe ni pé ìdúró náà ti pọ̀ jù, àwọn mìíràn sì ń tìtorí rẹ̀ já iná. Mi ò gbè wọ́n lẹ́yìn rárá. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣètò iná gbọ́dọ̀ gbọ́ àròyé náà, nítorí iná tí kì í ṣí bọ̀rọ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn láti já a.

Wọn kò fi àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá sílẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù méjìlá lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wọ London, bí ojú awakọ̀ bá sì ṣe ń ríta tó láti orí ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Bọ́sítọ́ọ̀bù ni àríyànjiyàn tún pọ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ gbé èrò, á gé oníkẹ̀kẹ́ lójú, oníkẹ̀kẹ́ á sì yà sáàárín títì. Ní báyìí, wọ́n ti yí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn bọ́sítọ́ọ̀bù, tí ibi tí èrò ń dúró sí fi wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì. Oníkẹ̀kẹ́ rí ìsinmi, àmọ́ ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní láti dá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọjá. Àwọn tí kò ríran ti ń pariwo nípa èyí látọjọ́ pípẹ́, torí kẹ̀kẹ́ kì í dún tí wọ́n á fi gbọ́ ọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìlà ìsọdá funfun wà níbi púpọ̀ nínú àwọn bọ́sítọ́ọ̀bù náà, dandan sì ni kí oníkẹ̀kẹ́ dúró fún ẹni tó bá ti bọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ awakọ̀ pé kó ṣàánú òun kò gbọ́dọ̀ sáré gba iwájú afọ́jú.

Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ kọ́ ló fẹ́ ọ̀nà yìí o. Àwọn àgbà nínú wọn wà tó gbà pé àárín títì ni àyè àwọn, pé kí oníkẹ̀kẹ́ máa ṣe bí ọkọ̀ yòókù. Ní Amẹ́ríkà, John Forester fi ìwé rẹ̀, Effective Cycling, tan èrò yìí kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ẹ̀rù wọn ni pé bí ọ̀nà tiwọn bá wà, awakọ̀ á máa lé wọn kúrò lórí títì. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá wọn lóhùn: kò pọn dandan kí oníkẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ní tèmi, ẹni tó lágbára láti bá mọ́tò du àárín títì kọ́ ló yẹ kí a fi díwọ̀n. Ọmọ iléèwé ni, àti ìyá arúgbó tó fẹ́ ra nǹkan lọ́jà.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri, tí àwọn ọmọ wa kan wà lára wọn, fẹ́ràn ọ̀nà náà dáadáa. Ẹjọ́ wọn ni fáànù tí wọ́n páàkì dí i, àti ìgò fífọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbá. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù náà ní ẹjọ́ tiwọn: àwọn kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ yìí ti tú kẹ̀kẹ́ oníná wọn ṣe, ó ń sáré ju kìlómítà 25 ní wákàtí kan tí òfin gbà kí ẹ̀rọ rẹ̀ fi tì í lọ.

Kí council tó ṣe irú ọ̀nà yìí, wọ́n sábà máa ń béèrè èrò àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀yin èèyàn wa ní Peckham, Woolwich àti Tottenham, bí ìwé tí wọ́n fi ń béèrè èrò bá dé ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ sọ ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín, bóyá orí kẹ̀kẹ́ lẹ wà tàbí ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, kẹ́ ẹ sì dá a padà kí ọjọ́ tó lọ.